Ohun Tí Etí Bàbá Mi Gbọ́

Èyí àtijọ́ kò sọ̀rọ̀ rí.
Ọdún méje ló fi wà lábẹ́ tábìlì mi l'Ókè Pósùn, l'Ẹ́pẹ̀ẹ́,
ó ń jẹ iná, ó ń mu eruku,
kò kérora.
Lọ́jọ́ tó máa kú, ó kàn rùn bí ike tó jóná,
ó sì fi ìdánwò àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta
sílẹ̀ lórí ìbéèrè kẹrìnlá.

Mo wọkọ̀, mo gba Ìtòíkin kọjá lọ sí Ìkòròdú,
mo ra páwà tuntun lọ́wọ́ Adéṣọkàn ní Sábó:
dúdú, ó ń dán,
ó wúwo bí ọmọ ọlọ́mọ tó sùn lé ni léjìká.
Ó dín díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n náírà.
"Èyí ò ní dà yín láàmú, àǹtí."
Mo délé, mo so ó, mo tan án.

Háà.
Gììì-ta-ta-ta, gììì-ta-ta-ta,
bí ẹni ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò,
bí yànmùyánmú tó há sínú agolo mílíìkì.
Mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú,
ó tún bẹ̀rẹ̀.
Mo ká ìwé sábẹ́ rẹ̀, mo ṣẹ́ aṣọ ìnujú tì í,
mo gbé e kúrò létí ògiri.
Mo tiẹ̀ bẹ̀ ẹ́.
Mo pe Adéṣọkàn. Ó ní, "Tuntun ló ń ṣe é,
bó bá pẹ́, á mọ́ ọn yín lára."
Mo ní, ṣé ìyàwó tuntun lo tà fún mi ni?
Ó bú sẹ́rìn-ín. Owó fóònù mi tán.

Òru nìkan ni iná máa ń dúró ládùúgbò wa,
nítorí náà òru ni mo ń ṣiṣẹ́.
Lóru ọjọ́ kẹta, bàbá mi yọ lẹ́nu ọ̀nà,
ọwọ́ lára ògiri, nítorí ojú ti ń ṣú.
Ẹni tó fi ogójì ọdún tún ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ṣe létí ọ̀sà,
tí àwọn apẹja ń ti Èjìrín wá bá,
kò mọ ohun tí kọ̀ǹpútà wà fún.
Tẹlifíṣàn oníwèé ló ń pè é.
Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e
bí a ti ń gbé e lé iwájú orí ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná.
"Mútíátù, kí gbogbo ẹnu dákẹ́."
Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀.

Ó gbọ́. Ó tún gbọ́.
"Àìsàn kọ́ lèyí. Inú rẹ̀ yè.
Gììì yẹn, ohùn tí wọ́n bí i mọ́ nìyẹn.
Ta-ta-ta yẹn ni àlejò.
Nǹkan ń kan abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.
Bí ojúoró bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnì lójú omi,
báyìí náà ní í sunkún."

Mo pa iná, mo fa wáyà yọ,
mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù:
ìrù okùn ike tí mo fi di àwọn wáyà pọ̀,
èmi fúnra mi, nínú ìkánjú ọjọ́ Sátidé,
ló ti gba àárín irin wọlé, tó ń lá fáànù lẹ́nu.
Mo fi ìgékánná gé e.
Ohun tó já bọ́ kò tó èékánná ọmọ tuntun.

Mo tan án.
Ta-ta-ta ti lọ.
Gììì kù, ó lọ sílẹ̀, bí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnì
tó ń kọjá lókèèrè tí a ò rí àtùpà rẹ̀.
Mo fẹ́ bínú sí ìyẹn náà.
Mo bojú wẹ̀yìn kí n béèrè bóyá oògùn wà fún un:
bàbá ti jókòó sórí páálí ìwé,
orí rẹ̀ ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹnu ṣí díẹ̀.
Láti ìgbà tó ti ta ẹ́ńjìnì rẹ̀ tó kẹ́yìn
ni kò ti rí oorun sùn.
Ó ní ilé yìí dákẹ́ jù.

Mo tẹ ìbéèrè kẹẹ̀ẹ́dógún.
Mo tẹ ìkẹrìndínlógún.
Iṣẹ́ parí ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.
N kò pa á.