Ìṣẹ́jú Àáyá

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta, lẹ́yìn òpópónà Bródì,
ibẹ̀ ni Àǹtí Rísíkátù ti ń ta ojú.
Kì í ṣe ojú ènìyàn o.
Ojú kámẹ́rà ni, tòkunbọ̀,
ó tò wọ́n sínú àpótí gíláàsì bí ẹyin awó,
ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdérí dúdú lẹ́nu.

Owó àjọ oṣù mẹ́sàn-án wà lápò mi,
mo dì í mú bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun kọjá láàárín èrò.
Kámẹ́rà mi kò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ mi.
Mo nàka sí lẹ́ńsì tó gùn jù,
àádọ́rin dé ọ̀ọ́dúnrún,
ó gùn bí ọmọ odó, ó wúwo bí ẹjọ́.
"Èyí ni mo fẹ́."

Kò dá mi lóhùn. Ó fẹ́ eruku kúrò lára rẹ̀.
"Gbé e lọ sí ojú fèrèsé."

Mo gbé e. Yéè!
Mo rí kéréènì Àpápá lókè ọ̀sà,
mo rí atukọ̀ kan tó ń họ imú,
mo rí ìpẹtà lára ìdí ọkọ̀ òkun.
Mo yíjú padà kí n ya Àǹtí fúnra rẹ̀:
etí kan ṣoṣo ló wọlé, òun àti yẹtí rẹ̀.
Mo fà sẹ́yìn, mo tún fà sẹ́yìn,
títí ẹ̀yìn mi fi kan ògiri.
"O rí òkèèrè," ó wí. "O ò rí mi."

Kí lo fẹ́ máa yà?
Àbúrò mi, Mọ̀rẹ́nikẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ ló ń kàn,
ní Róò Páàkì, ní Yábàá, gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀.
Alẹ́? Alẹ́ ni.
Iná mélòó? Méjì. Ọ̀kan ń ṣẹ́jú.

Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó.
"Àwọn tó sọ ìṣẹ́jú lórúkọ, ìgbà tí ojú ń ṣẹ́ ni wọ́n wò.
Èyí tó kéré jù níbẹ̀, wọ́n fi jíǹkí àáyá.
Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ́ àbúrò rẹ yá ju ojú àáyá lọ.
Wàá gé ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta
kí ìbọ̀wọ́ rẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ lẹ́bàá ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹnìkejì.
Ìmọ́lẹ̀ wo ni yóò ráyè gba inú èélá tóóró bẹ́ẹ̀,
nígbà tí ojú tí o gbé dání yìí
ń dijú sí i bó ṣe ń gùn sí i?
Fọ́tò rẹ á ṣú. Bó o bá fi tipá mú un mọ́lẹ̀,
á ṣe hóró-hóró bí gàrí."

Ló bá nawọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí,
ó mú kúkúrú kan jáde, ó fúyẹ́ bí ìdérí ìgò.
Àádọ́ta péré. Kì í fà, kì í sún.
"Nọ́ńbà ara rẹ̀ ló kéré, ojú rẹ̀ ló là.
Má bi mí ní ìdí, bí wọ́n ṣe ń kà á nìyẹn.
Tó o bá fẹ́ kí nǹkan súnmọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ ni kó o sún."

Mo wo ọmọ odó. Mo wo ìdérí ìgò.
Ta ni yóò pè mí ní ayàwòrán
pẹ̀lú nǹkan tó kéré ju ife tíì lọ?
Ìtìjú lásán ni, mo mọ̀. Síbẹ̀ ó ta mí.

Ọjọ́bọ̀. Mo kúnlẹ̀ sí igun, àgbọ̀n mi kan okùn.
Mọ̀rẹ́nikẹ́ ju ọwọ́ òsì. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ.
Mo tẹ̀ ẹ́. Èjìká rẹfirí.
Mo tẹ̀ ẹ́.

Àádọ́sàn-án ni mo yà. Ẹyọ kan,
òógùn ta kúrò níwájú orí rẹ̀,
ẹ̀kán mẹ́ta dúró lófuurufú, wọ́n rí rébété,
ojú rẹ̀ sì là gbàgà, kò ṣẹ́.
N kò rí ojú yẹn rí,
èmi tí mo bọ́ ọ láràárọ̀ fún ọdún mẹ́fà.

Ẹ̀kán kẹrin bà lé gíláàsì mi.
Mo fi etí ẹ̀wù nù ún.

Èyí tó gùn ṣì wà nínú àpótí o.
Mo ní kí Àǹtí má tà á:
bọ́ọ̀lù ń bẹ ní Káḿpọ̀ọ̀sì, ọ̀sán gangan,
oòrùn ibẹ̀, ọ̀fẹ́ ni.
Mo ti bẹ̀rẹ̀ àjọ mìíràn.