Irin àti Ìrìn

Mo ti pín ọjọ́ mẹ́rin náà sórí ìwé bí ẹni ń pín ẹran:
etíkun Haeundae, àárọ̀ ọjọ́ kan;
òkè Gamcheon tí ilé rẹ̀ wọ aṣọ aláràbarà;
ọjà ẹja Jagalchi kí oòrùn tó là.
Òjò Busan kò mọ̀wé.
Ẹnu ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin ló ti pàdé mi,
ó bá mi wọ bọ́ọ̀sì, ó bá mi sọ̀ kalẹ̀ ní Yeongdo,
ó bá mi gun àtẹ̀gùn mẹ́tàlélọ́gọ́rin
(orúnkún mi ló kà á, kì í ṣe èmi)
títí dé ilé Màmá Ok Bun-rye
tó ń fi yàrá ẹ̀yìn gba àlejò.

Mo kí i. Kò dáhùn.
Mo tún kí i, mo fi ẹsẹ̀ kọ òòlù kékeré kan
tó fi dá ilẹ̀kùn dúró.
Ìyẹn ló rí. Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bàtà mi,
ó ki ìwé ìròyìn àná bọ̀ ọ́ lẹ́nu
kó lè fa omi.
Gyeong-mo, ọmọ ọmọ rẹ̀, sọ̀rọ̀ sínú fóònù,
fóònù sì fi èdè mi sọ fún mi pé:
"Ọkọ̀ ojú omi ti jẹ etí ìyá mi àgbà."
Mo ní ẹ̀rọ ò gbédè. Mo lọ sùn.

Ní Jagalchi, àwọn obìnrin wọ bàtà rọ́bà dé orúnkún,
wọ́n ń fi omi iyọ̀ fọ ilẹ̀ bí ẹni ń fọ ojú ọmọ.
Ẹran omi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan yọ́ jáde nínú ọpọ́n,
ó kọrí sí òkun.
Ẹni tó ni ín kò yára. Ó jẹ́ kó rìn, kó rìn,
kó dé etí gọ́tà,
ó wá fi ìka méjì mú un padà
bí ìyá tó ká ọmọ mọ́ ibi tó ti ń sá fún ilé-ìwé.
Mo jẹ ìrẹsì nínú omi ẹran ẹlẹ́dẹ̀.
Wọ́n gbé ata wá. Mo ní ata kì í ba ará ibi tí mo ti wá lẹ́rù.
Ata gbọ́.

Ọjọ́ kẹta, òjò ṣì ń rọ̀. Màmá fà mí lápá aṣọ,
ó mú òòlù ẹnu ọ̀nà dání,
a sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ṣe.
Ọkọ̀ ńlá kan jókòó sórí ilẹ̀, ikùn rẹ̀ síta,
ìpẹtà bò ó bí èépá.
"Àwa obìnrin la máa ń rọ̀ mọ́ ọn lára," ni fóònù wí,
"lórí pákó kan, láti òwúrọ̀ dalẹ́,
a ó máa kàn án, a ó máa kàn án.
Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin wà lábẹ́ ìpẹtà yẹn."
Kangkangi ni wọ́n ń pe àdúgbò náà;
òòlù ló sọ ọ́ lórúkọ.
Ó gbá ikùn ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kang.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ojú ibẹ̀,
ó di ojú.
Irin náà ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbọ́ràn.
Fóònù ò ṣì í sọ.
Ìrìn ni mo wá rìn; irin ni mo bá.

Ọjọ́ kẹrin bọ́ sí Sátidé. Aago méjì lù,
wọ́n gbé afárá Yeongdo dìde lójú gbogbo wa,
títì odindi kan kọjú sí ọ̀run,
ilà funfun ojú ọ̀nà ṣì wà lára rẹ̀.
Wọ́n ní nígbà ogun, ẹni tó bá sọ ẹbí rẹ̀ nù,
ẹsẹ̀ afárá yìí ló ń wá dúró sí.
Màmá na ìka sí ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó.
Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.
Gyeong-mo yọ fóònù, ó tún dá a padà sápò.

N kò dé Haeundae. Ẹ má bi mí nípa iyanrìn rẹ̀.
Bàtà mi ti gbẹ; ìwé ìròyìn lẹ̀ mọ́ ọn nínú,
mò ń tẹ ọ̀rọ̀ tí n kò lè kà mọ́lẹ̀.
Mo sọ̀ dé ìsàlẹ̀, mo kígbe "Ó dàbọ̀ o!"
Ìwà òmùgọ̀. Ta ni yóò gbọ́?
Mo bá fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi lu irin ìdìmú àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta,
mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, mo dúró nínú òjò.
Láti òkè lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀,
irin náà dáhùn.