Ìlà Mẹ́ta

Wọ́n ní kí n tó kó ẹrù mi kúrò, kí n kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù:
"Báwo ni iṣẹ́ ilé ìwádìí yìí ṣe rí lára rẹ?"
Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fà sílẹ̀ fún ìdáhùn.
Ọdún mẹ́fà. Ìlà mẹ́ta.

Mo kọ "Ó dára."
Mo fa igi lé e.

Ilé-iṣẹ́ tí kì í wá èrè, bẹ́ẹ̀ ni à ń jẹ́.
Lọ́jọ́ tí mo sọ ọ́ fún bàbá mi,
òkèlè iyán dúró láàárín ọbẹ̀ àti ẹnu rẹ̀:
"Àwọn ò wá èrè. Ìwọ ńkọ́?"

Iṣẹ́ mi ò ju okùn lọ.
Okùn tí a so ní kókó-kókó, ìgbọ̀nwọ́ kan sí kókó kan,
òkúta ní ìdí rẹ̀, bí ìwọ̀ tí kò wá ẹja.
Ìkọ̀lé, Ìpaò, Ìtapájì, Òdò-Ayédùn,
ọgọ́fà kànga lóṣooṣù,
mo ń sọ okùn sísàlẹ̀, mo ń tẹ́tí,
mo ń kọ iye tí ilẹ̀ bá sọ fún mi.
Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ awakọ̀ á ti sùn sínú ọkọ̀,
ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ bí kànga kọkànlélọ́gọ́fà.

Òkè òkun ni owó wa ti ń wá:
òjò tó ṣú sí Ìkọ̀lé, tó lọ rọ̀ sí Ọ̀mùò.
Oṣù mẹ́ta kọjá láìsí owó oṣù.
Ìbídàpọ̀ se ẹ̀wà lórí sítóòfù ní yàrá kọ̀ǹpútà,
gbogbo wa jẹ ẹ́ nínú ìkòkò kan náà,
a sì ń jiyàn lórí ìdajì ìgbọ̀nwọ́
bí ẹni pé ìyẹn ló máa san owó ilé.
Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn sínú fọ́ọ̀mù.
Inú mi dùn nígbà yẹn.

Kànga kẹtàlélógún, Ìtapájì. Ìyá Bọ́lárìnwá ló ni ín.
Tó bá ti di Èrèlé, ẹrẹ̀ ni okùn mi ń kàn.
Ó máa ń gbé àpótí fún mi, mi ò kì í jókòó.
Ó di ọdún kẹrin kó tó béèrè:
"Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí o ti ń wọn omi mi.
Uṣẹ́ rẹ dára. Ṣé ó ti wá tó?"

Bẹ́ẹ̀, ìwádìí nìkan ni tiwa, a kì í gbẹ́ kànga.
Ó wà nínú ìwé àdéhùn, ojú ìwé keje.

A dá owó jọ. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.
Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ lọ mú agbẹ́kànga wá láti Ìpaò lọ́jọ́ Sátidé,
ọ̀kadà ló gùn, ká má baà jó epo ọ́fíìsì.
Ìgbọ̀nwọ́ mẹ́fà. Ní ìkẹfà, omi dáhùn.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, iye kànga kẹtàlélógún fò lójú kọ̀ǹpútà
bí ewúrẹ́ tó tẹ ẹyín iná.
Dókítà Fámúrewá wò ó. Ó wò mí.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́.
Ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé:
"Kànga yìí ti bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò."
Nírọ̀lẹ́, mo gbé okùn mi nílẹ̀,
mo bá ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà lábẹ́ rẹ̀.
Ẹnikẹ́ni ò sọ nǹkan kan.

Owó ló tán báyìí, kò sí ìjà.
Bírò náà fẹ́ gbẹ. Mo kọ ọ́ báyìí:

Kànga kẹtàlélógún kò sí nínú ìwé mọ́. Omi wà nínú rẹ̀.
Okùn wà lábẹ́ tábìlì mi. Kókó kẹsàn-án ti ń tú, ẹ tún un so.
Tí wọ́n bá gbé àpótí fún ẹni tó ń bọ̀, kó jókòó díẹ̀.