Iye àti Ìyè

Tartu ni mo ń gbé, létí odò Emajõgi,
odò tí àwọn baba wa fi ìyá pè.
Òtútù oṣù kejì ti sọ omi rẹ̀ di pákó,
àwọn ọmọdé ń sáré lórí ẹ̀.
Lábẹ́ òrùlé tó ń jò, mo ń kọ ìwé ọmọdé,
mo ń ya àwòrán sí i,
mo ń fi abẹ́rẹ́ rán ewé rẹ̀ pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
mo sì ń tà á ní yúrò méjìlá.

Bí ẹnìkan bá ní ó dára, mo tún dín in kù.
Bí ẹnìkan bá ní òun kò lówó, mo fún un lọ́fẹ̀ẹ́.
Ìyìn kì í san owó iná, mo mọ̀,
ṣùgbọ́n ojú ń tì mí láti dárúkọ owó.

Ẹ̀gbọ́n mi Leelo ló mú mi lọ bá Heldur,
ọkùnrin tó fi ogún ọdún ṣírò owó nílé ìtẹ̀wé
kó tó di olùtọ́nisọ́nà àwa òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́ ọnà.
Tábìlì kan, àga méjì,
ìkòkò tíì kan tí etí rẹ̀ ti kán.
Mo rò pé yóò fẹ́ kọ́ mi bí a ṣe ń kọ̀wé;
mo di èsì líle mú bí agboòrùn, òjò kò tíì ṣú.

Kò béèrè ìtàn mi.
Ó ní, "Viivi, ìwé kan, wákàtí mélòó?"
Mo kà á lórí ìka, ìka tán, ó ku ọ̀kan: mọ́kànlá.
"Bébà ńkọ́? Òwú? Gọ́ọ̀mù?"
Mo ní yúrò márùn-ún.
Ó kọ méje sílẹ̀, ó pín in sọ́nà mọ́kànlá.
Ohun tó jáde kò ra àbọ̀ búrẹ́dì.
Ó yí bébà náà kọjú sí mi,
kò sọ̀rọ̀, ó ń bu tíì.

Iye ló béèrè. Ìyè ni mo gbọ́.
Mo wọ kóòtù mi, mo bọ́ síta,
ọ̀sẹ̀ méjì gbáko n kò padà síbẹ̀.

Lóru ọjọ́ kan ni mo tó rí i
pé kì í ṣe Heldur ni mò ń bá jà.
Ọmọbìnrin kan ni, tí wọ́n ti sọ fún láti kékeré
pé ohun téèyàn bá gbádùn, kì í gbowó lé e.

Mo padà. Etí ìkòkò ṣì kán.
Ó ní kí n kọ lẹ́tà mẹ́ta, kí n fúnra mi kọ iye sí i.
Ọwọ́ mi gbọ̀n.
Ilé-ìkàwé kan ní Võru: wọ́n kọ̀.
Ilé-ìwé kan ní Valga: wọn ò tíì fèsì dòní.
Ṣọ́ọ̀bù kan ní Pärnu: mú ogójì wá,
yúrò méjìdínlógójì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, mo ní wọ́n ṣì í kọ.
Heldur rẹ́rìn-ín: "Ìwọ lo kọ ọ́. Èmi kàn jókòó ni."

Ẹ má rò pé mo ti di olówó.
Òrùlé ṣì ń jò, garawa tó tóbi ni mo rà.
Gbólóhùn kan, Heldur kò bá mi kọ ọ́:
ẹni tó bá ni gbé àtùpà kò bá ni gbé ẹsẹ̀.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilẹ̀kùn mi a máa wà ní títì,
ìwé nìkan ló ń wọlé.

Lánàá, Urmas onílé-oúnjẹ pè mí:
àwòrán mẹ́jọ, kò sówó níbẹ̀,
"àmọ́ gbogbo ìlú á mọ̀ ẹ́."
Mo ní, "Rárá, Urmas."
Ọ̀rọ̀ náà kéré lẹ́nu mi bí eyín tuntun
tí ahọ́n ṣì ń tọ́ wò.