Ogún Ìṣẹ́jú Ó Lé Méjì

Ẹ má bi mí léèrè ẹni tó mọ gìtá ta jù nínú wọn.
Jẹnẹrétọ̀ ni tèmi.
Èmi ni mò ń da epo sí i lẹ́yìn gbọ̀ngàn ní Arákálẹ̀
lọ́dún tí kòkó gbówó lórí,
etí kan lára orin, etí kan lára ẹ́ńjìnnì.

Mẹ́rin ni wọ́n, olórí ẹgbẹ́ sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n tó pàdé.
Túbọ̀sún dìde nídìí dùùrù ìjọ, àlùfáà ò kí i mọ́.
Fálànà bọ́ aṣọ ológun, ó gbé béèsì rẹ̀ bọ̀ láti bárékè.
Akínfọlárìn ti Òǹdó dé pẹ̀lú gìtá ọlọ́rùn méjì;
káfíńtà kan ní Yàbá ló bá a gbẹ́ ọrùn kejì.
Ọmọ́níyì ọmọ Àkúrẹ́ ló jókòó sáàárín ìlù mẹ́sàn-án,
a kì í rí ju irun orí rẹ̀ lọ.

Àgbájọ Ọwọ́ ni wọ́n sọ ara wọn.
Ìyá mi rí i lára ògiri, ó ní,
"Ọwọ́ ti pé. Àyà ta ni wọ́n fẹ́ sọ?"

Orin wọn kì í tán.
Ọ̀kan wà tó ń gba ogún ìṣẹ́jú ó lé méjì.
Á bẹ̀rẹ̀ bí òjò tó ń rò ó bóyá kóun rọ̀,
á gun òkè Ìdànrè ní àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan,
á sinmi níbi tí àlejò ń sinmi, á tún mí gúlegúle lọ.
Ìlù rẹ̀ ń lọ ní méje-méje.
Ẹni tó fẹ́ jó á gbé ẹsẹ̀, kò ní mọ ibi tó máa gbé e sí.
Mo rí bàbá kan tó dúró lẹ́sẹ̀ kan bí àkùkọ lábẹ́ òjò.

Lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, epo tán ní ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún.
Iná kú. Gìtá kú. Dùùrù kú.
Ọmọ́níyì nìkan ló ń lù nínú òkùnkùn,
méje, méje, méje,
títí mo fi yá gálọ́ọ̀nù kan lọ́wọ́ onímọ́tò.
Bí iná ṣe dé, àwọn mẹ́ta yòókù bọ́ sójú ibi tó yẹ,
lẹ́ẹ̀kan náà, láìwojú ara wọn.
Ní tèmi o, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn parí sí.
Ìyókù, ọ̀rọ̀ owó ni.

Oníléeṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù l'Ékòó ní kí wọ́n gé e sí ìṣẹ́jú mẹ́ta.
Túbọ̀sún ní, "Apá ibo lára ọmọ ni kí n gé?"
Fálànà ní, "Ọmọ tí ò tíì jẹun ńkọ́?"
Akínfọlárìn ò sọ̀rọ̀, ó ń yí etí gìtá.
Wọ́n gé e.
Orúkọ Akínfọlárìn nìkan ló wà lára páálí rẹ̀.
Àṣìṣe atẹ̀wé ni, wọ́n ní.
Ọdún mọ́kànlá ni wọn ò fi kí ara wọn nítorí àṣìṣe atẹ̀wé.

Ìgbà kan wà tí Àgbájọ Ọwọ́ di méjì,
ọ̀kan l'Ákùúrẹ́, ọ̀kan l'Óǹdó,
adájọ́ ń bi wọ́n pé ta ló ni ọwọ́.
Fálànà ra ọkọ̀, ó ń kó kòkó.
Túbọ̀sún ń kọ́ àwọn ọmọ Ìjù ní ìṣirò.

Òkú Ọmọ́níyì ló kó wọn jọ, ní Òkè-Àró.
Arúgbó mẹ́ta, wọn ò gba onílù.
Èmi náà gbé jẹnẹrétọ̀ wá, orúnkún mi ń ké.
Wọ́n gun orin náà díẹ̀díẹ̀,
nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹtàdínlógún, wọ́n gbọ́wọ́ kúrò.
Ariwo ẹ́ńjìnnì mi nìkan ló kù.
Mo pa á.

Àwọn ọmọdé rò pé ó ti tán, wọ́n pàtẹ́wọ́.
Èmi ń kà á lọ nínú òkùnkùn: méje, méje.