Orí Búlúù, Ara Pupa

Ní Orroroo, ìlú tí orúkọ rẹ̀ korò létí wa bí òróòro,
tí àlìkámà ibẹ̀ kò sì korò rárá,
ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wà lábẹ́ àtíbàbà páànù,
ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́ta,
ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pupa bí ata tó gbẹ lórí ẹní.

Clem Hentschke rà á lọ́dún tó gbéyàwó.
Ó fi kó àgùntàn, ó fi kó irun àgùntàn,
ó fi gbé ìyàwó lọ bímọ ní Peterborough
nínú òjò kan ṣoṣo tó rọ̀ lọ́dún náà.
Nísinsìnyí, bó bá ti kan òkè Pekina,
ọkọ̀ á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ
bí ẹni tó jí ewúrẹ́ gbé sá.

"Ẹ wo ibi tí wàhálà wà," ni Tamsin, ọmọ ọmọ rẹ̀, wí,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún òróró dé ìgbọ̀nwọ́.
"Sílíńdà mẹ́fà, ihò àtẹ́gùn mẹ́ta.
Méjì-méjì ni wọ́n ń fi imú kan mí.
Bí èkíní bá ń fà, èkejì á máa retí."

Ó ti rí orí mìíràn lára àlòkù ọkọ̀ kan ní Jamestown,
orí búlúù, ẹnu méjìlá,
kálukú sílíńdà pẹ̀lú imú tirẹ̀.
Páálí bíà méjì àti ìlérí kan ló fi rà á.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ikọ́.
Eruku àká ọkà ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́;
rọ́bà tín-ín-rín wà nímú rẹ̀,
ìgò afẹ́fẹ́ dúró ti àga bí ajá tó mọ olówó rẹ̀.
"O ra orí lọ́jà," ó ní,
"ṣé o bi wọ́n léèrè ọrùn?"

Ọrùn gbà á. Orí jókòó sórí gásíkẹ́ẹ̀tì, kò ṣe agídí.
Mánífóòdù ni kò gbà:
aṣọ tí a rán fún ihò mẹ́sàn-án
kò lè bo ìhòòhò méjìlá.
Ó padà sí Jamestown, ó tún san bíà.

Bóòtù kan ṣẹ́ sínú irin.
Tamsin ṣépè tó lé àwọn odídẹrẹ́ kúrò lórí wáyà.
Bàbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.
"Fi iná yọ́ ọ lára," ó ní.
"Bó bá pọ́n, fi àbẹ́là kàn án.
Má fipá mú un. Dúró dè é."
Bóòtù náà jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, àga bàbá sún mọ́ ọkọ̀.
Òun ló ń ka bóòtù orí bí wọ́n ṣe ń dè wọ́n,
láti àárín lọ sí etí, ẹ̀ẹ̀mẹta:
"Ìkarùn-ún."
Ó mí.
"Ìkẹfà. Kékeré. Ó tó."
Ó mí.

Ní ọ̀sán Sátidé, omi jò níbi páìpù rédíétọ̀.
Wọ́n tún un dè. Ó tún jò. Wọ́n jẹun.
Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ́ńjìnnì hó gììrì, ó dúró,
ohùn rẹ̀ mọ́, ó ga, kò ní ìkùnsínú.
Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ pẹ́.
"Ohùn tí mo mọ̀ kọ́ nìyẹn," ó ní,
kò sì sọ bóyá inú òun dùn.

Orí àtijọ́ ni wọ́n fi ń di ilẹ̀kùn àtíbàbà mú
kí ìjì má máa gbá a.

Wọ́n gun òkè Pekina pẹ̀lú ìgò afẹ́fẹ́ láàárín wọn.
Ọkọ̀ ò mí hẹlẹ, jíà ò já wálẹ̀,
koríko gbígbẹ ń sá sẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì.
Lórí téńté, bàbá fọwọ́ kan rọ́bà imú rẹ̀.
"Tamsin," ó ní, "ní Jamestown yẹn,
ṣé o ò rí èyí tó bá tèmi mu?"

Ọmọ náà já jíà wálẹ̀,
bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀nà ti tẹ́jú.