Ìlà Keje, Ihò Kẹrin

Aago méjì òru ti kọjá ní Coimbatore.
Ẹ̀rọ amúlétutù ń kùn bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun.
Mo tẹ̀ mọ́ àwo pẹlẹbẹ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ,
ihò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún,
ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbà ju ẹ̀kán omi mẹ́rin.
Nísàlẹ̀ wọn ni sẹ́ẹ̀lì iṣan eku lẹ̀ mọ́ típẹ́típẹ́.
Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi bọ́ wọn,
lánàá mo febi pa wọ́n.
Ẹ má bínú sí mi.
Ẹni tébi ń pa la fi ń mọ oúnjẹ tó wọlé.

Ṣúgà tí mo fún wọn ní iná nínú:
bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ihò á tàn bíi tanátaná.
Ìlà kìíní gba ínsúlíìnì, ó mọ́lẹ̀ kedere.
Ìlà kejìlá gba omi lásán, ó ṣú, bó ti yẹ.
Láàárín ni ewé tí Dókítà Muthulakshmi kó wá láti òkè Nilgiri,
ewé, èèpo, egbò,
gbogbo wọn ti di nọ́ńbà,
kò séyìí tó ń jẹ́ orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Èmi, bàbá mi ló sọ mí ní Thenmozhi,
ọ̀rọ̀ tó ń kán bí oyin.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣọ́ òwú nílé iṣẹ́ aṣọ.
Oyin ti di èèwọ̀ rẹ̀ báyìí.
Ọmọ-ìka méjì ti lọ lẹ́sẹ̀ òsì,
ó ní bàtà ló fẹ̀ sí i.

Ìlà keje, ihò kẹrin: ó tàn!
Ó tàn ju ínsúlíìnì lọ.
Mo dìde. Mo jókòó. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀.
A kì í jí àgbàlagbà tó ń tọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóru
nítorí ìmọ́lẹ̀ tí kò tó orí ìṣó.

Mo tún un ṣe.
Mo da omi ewé náà nìkan sínú ihò òfìfo,
kò sí sẹ́ẹ̀lì, kò sí ṣúgà.
Ó tàn.
Ewé náà fúnra rẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ àbínibí,
kò ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní oògùn tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan.
Tèmi ku egbèje nínú fìríìjì.

Aago márùn-ún, bàbá mi pè.
Ṣé mo ti jẹun?
Mo ní mo ti jẹ. Irọ́ ni.
Mo ń gbọ́ ṣíbí nínú ife kọfí rẹ̀,
ó ń pò ó, ó ń pò ó.
Mi ò béèrè ohun tó ń pò.